Ẹ Má Fi Orúkọ Ara Páálí Yan Ẹ̀rọ Géèmù: Ìfiwéra Kóòdù Tó Ń Kọ́kọ́ Jí Nínú Ẹ̀rọ Alágbèéká

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń tan ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, géèmù kọ́ ló kọ́kọ́ ń jí. Kóòdù kékeré kan tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ inú chip láti ilé iṣẹ́ ló máa ń ṣáájú, ìyẹn boot ROM. Òun ló ń wo ohun tó kàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́, tó ń bi í pé ta ló rán an wá, tó sì ń pinnu bóyá kó wọlé tàbí kó dúró síta. Ohun tó bá gbà wọlé á tún yẹ èyí tó tẹ̀lé e wò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí géèmù á fi hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ nínú ìlà yìí bá ṣìṣe, kò sí èyíkéyìí lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gba ọ̀rọ̀ náà là.

Ìdí tí èyí fi kan ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ni pé boot ROM kò ṣeé tún kọ. Ilé iṣẹ́ lè fi íntánẹ́ẹ̀tì tún gbogbo nǹkan yòókù ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ chip ti di tẹni tó rà á, pẹ̀lú ire àti àbùkù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ tó wà lára páálí yan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan ní ihò tí kò ní dí láéláé, kí èkejì má ní in. Nọ́ḿbà módẹ́ẹ̀lì àti àsìkò tí wọ́n ṣe é ló yẹ kí ẹ wò. Mo kó wọn síbí ní méjì-méjì kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn.

Game Boy àti Game Boy Advance

Boot ROM inú Game Boy tó jáde ní 1989 kò ju báítì 256 lọ. Nínú ìwọ̀nba yẹn, ó ń nu mẹ́mọ́rì ojú ẹ̀rọ, ó ń ka àmì Nintendo láti inú káátíríìjì, ó ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún pìín, lẹ́yìn náà ló ń fi báítì 48 tó di àmì náà wé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí ẹyọ báítì kan bá yàtọ̀, ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, á ṣírò àwọn nọ́ḿbà orí káátíríìjì náà bóyá wọ́n pé, á kọ nǹkan sí ibì kan nínú mẹ́mọ́rì tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ FF50, á sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú mẹ́mọ́rì. Géèmù kò ní rí i mọ́ àfi tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn. Ẹni tó bá ti tan Game Boy rí láìki káátíríìjì bọ̀ ọ́ á ti rí àpótí dúdú kan tó ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí àmì yẹ kó wà, tí ẹ̀rọ á sì dúró síbẹ̀. Kò sí àmì kankan tó rí kà, ìdí nìyẹn tó fi ya dúdú.

Mo fẹ́ràn kóòdù yìí gidigidi, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kò lágbára. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka àmì náà: ó kà á láti yà á sójú ẹ̀rọ, ó tún kà á láti fi wé tirẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣe káátíríìjì láìgbàṣẹ rí àlàfo àárín kíkà méjèèjì, wọ́n sì ṣe èyí tó ń gbé àmì tiwọn jáde nígbà àkọ́kọ́, tó ń gbé ti Nintendo jáde nígbà kejì. Àwòrán tiwọn ló hàn lójú ẹ̀rọ, boot ROM sì gbà pé kò sí wàhálà.

Òfin gan-an ni ilé iṣẹ́ náà gbọ́kàn lé. Ẹni tó bá fẹ́ kí géèmù rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ da àmì Nintendo kọ sínú rẹ̀, àmì tó dà kọ yẹn ni wọ́n á sì fi pè é lẹ́jọ́. Ọgbọ́n náà kò dúró dáadáa nílé ẹjọ́. Ní 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ Sega àti Accolade, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, yẹ̀ wò, lórí irú àyẹ̀wò kan náà nínú ẹ̀rọ Sega tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbè sẹ́yìn Accolade.

Game Boy Advance tó dé ní 2001 gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: BIOS rẹ̀ (orúkọ tí wọ́n ń pe boot ROM tirẹ̀) jẹ́ kílóbáítì 16, àmì tó ń yẹ̀ wò sì jẹ́ báítì 156. Wọ́n ṣe é kí géèmù má lè ka inú BIOS náà. Àmọ́ BIOS yìí kan náà ní àwọn iṣẹ́ tó ń bá géèmù ṣe, ọ̀kan nínú wọn ń ṣírò ohùn orin, kì í sì í yẹ àdírẹ́sì tí wọ́n bá fún un wò. Bí ẹ bá fún un ní àdírẹ́sì inú BIOS, á kà á fún yín láìjanpata. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó ń béèrè ẹni tó kọ géèmù. Àmì nìkan ni wọ́n mọ̀.

PSP àkọ́kọ́ àti PSP-3000

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ kan náà, ẹ̀rọ méjì ti kọ́kọ́ hàn kedere. PSP ti Sony jáde ní 2004. Kóòdù àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kílóbáítì 4, inú CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ló wà, ohun tó bá sì kà láti inú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀yà kan tó ń ṣí ohun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílò ọ̀nà láti jí èyí tó ti kú, ilé iṣẹ́ sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn: chip kékeré kan wà nínú bátìrì tó ní nọ́ḿbà, bí gbogbo nọ́ḿbà náà bá jẹ́ F, ẹ̀rọ á gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn alátùn-únṣe lòun wà, á sì lọ ka kóòdù láti orí Memory Stick (káàdì ìtọ́jú fáìlì) dípò mẹ́mọ́rì inú.

Ní 2007, àwọn èèyàn mọ ọ̀nà náà, wọ́n sì rí i pé àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀ ní àbùkù tó jẹ́ kí kóòdù tiwọn lè kọjá. Bátìrì Pandora ni wọ́n sọ ọ́. Sony kò lè tún àwọn tó ti tà ṣe. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ kóòdù inú CPU tuntun, èyí sì wọ àwọn PSP-2000 kan tí wọ́n ṣe kẹ́yìn àti gbogbo PSP-3000. Ẹni tó bá ra PSP-2000 àlòkù kò lè fojú lásán mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí motherboard (pátákó tí àwọn chip wà lórí rẹ̀) inú rẹ̀ ló yàtọ̀, kì í ṣe ìta. PSP-1000 kò fa iyèméjì kankan, PSP-3000 náà kò sì fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé PSP-3000 kò ṣeé wọ̀ mọ́, ẹ rántí pé ní 2011, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń buwọ́ lu kóòdù PSP jáde láti inú PlayStation 3, nítorí PS3 náà ń gbá àwọn géèmù PSP kan. Boot ROM tuntun dí ihò ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn nínú ẹbí kan náà sì tú àṣírí rẹ̀.

Ti PS Vita (2011) yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn díẹ̀. Boot ROM tirẹ̀ dúró ṣinṣin. Ihò tí wọ́n lò ní 2017 fún Ensō, kóòdù tí àwọn èèyàn fi ń gba ẹ̀rọ náà, wà nínú kóòdù tó tẹ̀lé e, èyí tó wà lórí mẹ́mọ́rì tó ṣeé tún kọ, Sony sì dí i nínú firmware (sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ tó ṣeé tún ṣe) tó dé lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó ń ra Vita, nọ́ḿbà firmware ni kó béèrè. Módẹ́ẹ̀lì kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Nintendo 3DS àti Switch àkọ́kọ́

Bí mo bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì péré kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ yìí, àwọn wọ̀nyí ni mo máa mú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣubú kò jọra rárá.

3DS jáde ní 2011 pẹ̀lú boot ROM méjì, ọ̀kan fún ARM11, CPU tó ń gbá géèmù, èkejì fún ARM9, CPU tó ń ṣọ́ ààbò. Ti ARM9, Boot9, ló ṣe pàtàkì. Kílóbáítì 64 ni, ìdajì rẹ̀ tó mú àṣírí dání sì máa ń tì pa kí ohunkóhun mìíràn tó ṣiṣẹ́. Kóòdù tó bá fẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù RSA-2048, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń jẹ́rìí pé ilé iṣẹ́ ló fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń buwọ́ lù kò sí nínú ẹ̀rọ kankan, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rí ètò yìí lórí ìwé tí kò ní yìn ín.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Bí Boot9 bá fẹ́ yẹ kóòdù wò, ó ń ṣírò hash (nọ́ḿbà kúkúrú tó dúró fún gbogbo kóòdù) rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ṣí ìbuwọ́lù, ó sì ń wá hash tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìbuwọ́lù náà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kóòdù wọlé. Gígùn tó wà nínú ìbuwọ́lù fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ibi tí hash náà wà, Boot9 kì í sì í wò ó bóyá ibi tí gígùn náà tọ́ka sí ti kọjá òpin ìbuwọ́lù. Àwọn olùwádìí wá fi kọ̀ǹpútà gbìyànjú nọ́ḿbà lóríṣiríṣi láìní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́, títí wọ́n fi rí èyí tó jẹ́ pé, bí Boot9 bá ṣí i, ibi tó máa lọ wá hash kì í ṣe inú ìbuwọ́lù mọ́, bí kò ṣe ibi tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú hash tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò sí. Ó dà bí adájọ́ tó pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí: ohun tó sọ ló tún wá jẹ́rìí sí. Méjèèjì á máa dọ́gba nígbà gbogbo, kóòdù yòówù kó jẹ́.

Sighax ni wọ́n pe àbùkù yìí, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba ní Hamburg, ní Jámánì, ní Oṣù Kejìlá 2016. Ọdún tó tẹ̀lé e ni boot9strap, kóòdù tó ń lo àbùkù náà, dé. Gbogbo ẹbí náà ni ó kàn, 3DS, 2DS àti New 3DS, nítorí Boot9 kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ní 2017 yẹn náà ni wọ́n tún rí i pé, bí ẹ bá pa ẹ̀rọ dé, tí ẹ tẹ Start, Select àti X papọ̀ bí ẹ ti ń tàn án, Boot9 á kọ́kọ́ wá kóòdù lórí káátíríìjì DS. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún rèé, bíi ti bátìrì PSP. Ó dùn mí pé ilé iṣẹ́ méjì ṣe irú nǹkan kan náà láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn.

Switch jáde ní Oṣù Kẹta 2017 pẹ̀lú Tegra X1, chip ti NVIDIA. NVIDIA ló kọ boot ROM inú rẹ̀, kì í ṣe Nintendo. Kóòdù yìí ní ipò ìgbàpadà kan tó ń gba ìránṣẹ́ láti orí okùn USB. Ẹni tó bá so píìnì kan pàtó mọ́ ilẹ̀ iná (ground) ní ọ̀gbun Joy-Con (ọwọ́ ìgbágéèmù tó ń yọ) apá ọ̀tún, tó tẹ bọ́tìnnì ohùn òkè àti ti ìtanná, á dé ipò náà. Ìránṣẹ́ USB kan wà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè ipò tí ẹ̀rọ wà, kọ̀ǹpútà náà ló sì máa ń sọ bí èsì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Boot ROM kì í díwọ̀n gígùn náà, tó lè tó báítì 65,535. Bí ó bá ń da gbogbo rẹ̀ sí mẹ́mọ́rì, á tẹ orí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tó kàn láti ṣe sí, ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ síbẹ̀ ló sì máa ṣe. Oṣù Kẹrin 2018 ni èyí bọ́ síta, nọ́ḿbà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àbùkù sọ́fítíwíà sì ni CVE-2018-6242.

Nintendo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn á fẹ́ padà sí firmware àtijọ́. Wọ́n fi fíùsì, àmì kékeré tó bá jó tí kì í padà mọ́, sínú chip: bí àwọn àtúnṣe ńláńlá bá ti ń wọlé, fíùsì á máa jó sí i, firmware àtijọ́ tó bá ka fíùsì tó jó ju iye tó mọ̀ lọ kò ní gbà láti tàn. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n kóòdù tó ń ka fíùsì wà lẹ́yìn boot ROM nínú ìlà. Ẹni tó bá ti gba ihò USB wọlé ti kọjá rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń yàn fi sọ́kàn ni pé ti 3DS máa ń dúró. Bí wọ́n bá ti kọ kóòdù tó ní ìbuwọ́lù èké náà sínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan, òun ni Boot9 á máa jí lójoojúmọ́ láìní ìrànlọ́wọ́. Ti Switch kì í dúró: bí ẹ̀rọ bá kú pátá, okùn gbọ́dọ̀ tún wọlé. Bí mo bá fẹ́ ẹ̀rọ tí mo lè kọ géèmù tèmi sínú rẹ̀ kó sì máa tàn bíi ti gbogbo èèyàn, 3DS ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Switch àkọ́kọ́ àti àwọn tó dé lẹ́yìn

NVIDIA fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú chip níbi tí ilé iṣẹ́ ti lè fi fíùsì kọ àtúnṣe kékeré lé boot ROM lórí kí ẹ̀rọ tó jáde. Àwọn Switch tí wọ́n ṣe láti àárín 2018 ní àtúnṣe yìí. Kò sí bí ìta ṣe lè fi í hàn. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́, kì í sì í sọ ọ́ tán nígbà mìíràn.

| Irú Switch | Ọdún | Ihò USB inú boot ROM |
|---|---|---|
| HAC-001 | 2017 sí àárín 2018 | Ó wà |
| HAC-001 | àárín 2018 sí 2019 | Wọ́n ti dí i pẹ̀lú fíùsì |
| HAC-001(-01) | 2019 | Kò sí, chip tuntun ni |
| Switch Lite | 2019 | Kò sí |
| Switch OLED | 2021 | Kò sí |

Láti 2020 ni àwọn chip àfikún ti dé fún àwọn tuntun náà, tí wọ́n ń jó mọ́ ara motherboard. Wọn kì í wá àṣìṣe nínú kóòdù. Ńṣe ni wọ́n ń dín iná CPU kù fún àkókò tó kúrú ju ìpajú lọ, gẹ́lẹ́ nígbà tí boot ROM ń yẹ ìbuwọ́lù wò, títí á fi fo àyẹ̀wò náà. Kóòdù tí kò ní àbùkù kankan ṣì lè ṣìnà bí iná bá ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan mọ́ motherboard. Kì í ṣe ohun tí àlejò kan lè fi okùn ṣe lórí tábìlì.

Steam Deck àti ROG Ally

Ìbéèrè yí padà níbí. Steam Deck ti Valve (2022) ń lo UEFI (firmware tó ń tan ẹ̀rọ) bíi kọ̀ǹpútà, Secure Boot rẹ̀ (àyẹ̀wò ìbuwọ́lù nígbà ìtanná) kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kankan nínú nígbà tó ń jáde. Ẹ di bọ́tìnnì ohùn ìsàlẹ̀ mú kí ẹ sì tẹ ti ìtanná, á bi yín pé níbo ni kó ti tàn: SSD (dísìkì inú ẹ̀rọ), káàdì microSD tàbí USB. Valve fúnra rẹ̀ ló ń fún èèyàn ní fáìlì tí wọ́n fi ń gbé SteamOS padà. Kò sí ìdí láti wá ihò níbi tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì yin Valve fún un tọkàntọkàn. Ìyà rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jí ẹ̀rọ náà gbé lè fi USB tàn án, kó ka fáìlì yín, nítorí SSD rẹ̀ kì í wá pẹ̀lú títì kankan.

ASUS ROG Ally (2023) wá pẹ̀lú Windows 11, Secure Boot rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé iṣẹ́. Ohun tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀ kò ní tàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀rọ lè wọ BIOS (níbí, ojú ìṣètò UEFI) lọ pa á. Àárín náà nìyẹn, bí ẹ bá bi mí: àyẹ̀wò wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Èwo ni kí ẹ mú?

Fún ọmọ tó fẹ́ gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, Switch Lite tàbí OLED ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí Switch HAC-001 àlòkù bá wù yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín, kó sì wọ ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ihò USB ṣe ohun tí kò tọ́ lè ti wà nínú àwọn tí Nintendo dí ọ̀nà mọ́, ara ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń dí i mọ́, kì í ṣe ara àkáǹtì. Kò sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ààbò ṣe ń ṣiṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Game Boy. Báítì 256 yẹn ṣeé kà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tó fara sin mọ́, nítorí ẹnì kan ti fi máíkíróskóòpù ka chip náà bíìtì kọ̀ọ̀kan ní 2003. Lẹ́yìn rẹ̀ kó lọ sí 3DS. Nintendo ti pa ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù 3DS ní Oṣù Kẹta 2023, wọ́n sì dáwọ́ gbígbá géèmù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró ní Oṣù Kẹrin 2024, nítorí náà sighax kò tún ní yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ohunkóhun. Ó ti di ọ̀nà tí ẹni tó ra géèmù rẹ̀ fi lè tọ́jú rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Ẹni tó bá ń gbé fáìlì iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ kan náà tó fi ń gbá géèmù, kó mú Ally, kó má pa Secure Boot, kó sì tan ìtìpa dísìkì Windows. Ẹni tó bá fẹ́ràn Deck bíi tèmi, kó fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí BIOS, kó má sì fi ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí sórí SSD náà.